Ẹ̀rọ Tó Kí Ọlọ́fọ̀ Kú Oríire

Mo ti sùn sí ibùdókọ̀ tó pọ̀ ju ilé tí ẹ̀yin ti wọ̀ lọ, mi ò sì nídìí láti parọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìlú Marg‘ilon ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi kòrókòró.

Qobiljon ń se palov, ìrẹsì ẹlẹ́ran, fún èrò púpọ̀, ó ń fi àga àti tábìlì háyà, ó sì ní ìkòkò tí màlúù lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìkòkò náà lọ. Bó bá ra abẹ́rẹ́, àdúgbò á gbọ́ pé ó ra ọ̀kọ̀.

Ó wá ra ẹ̀rọ kan tí ń ṣe ìpolówó fúnra rẹ̀ lórí ayélujára. Ẹni tó bá fi fóònù wá ìkòkò ńlá, ìrẹsì àti àga, ẹ̀rọ á gbà pé ìgbéyàwó ló fẹ́ ṣe, á sì fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i kíá. Nígbà tó fẹ́ tàn án, ẹ̀rọ bi í bóyá kí èèyàn máa yẹ ìpolówó kọ̀ọ̀kan wò kó tó lọ. Ó tẹ “Rárá”.

Mo ní, “Àbúrò, palov ìgbéyàwó náà là ń jẹ níbi òkú. Báwo ni ẹ̀rọ á ṣe mọ ìyàtọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ẹ̀rọ mi ti rí i lórí ìdùbúlẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀, ìyàwó ló ń wá lásìkò náà. Dilfuza, ọmọ Bàbá Ergash, ló wù ú débi pé kì í jẹun kánú. Àwọn ìyá alárinà ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Ó ku kí Bàbá Ergash bu búrẹ́dì sí méjì. Bí wọn ò bá tíì bu ú, kò sí àdéhùn.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí ìyá Bàbá Ergash fi kú. Àwọn ará ilé gbé fóònù, wọ́n ń wá ìkòkò, ìrẹsì àti àga.

Lọ́jọ́ kejì, àgbàlá kún fún ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù ọ̀fọ̀. Qobiljon jókòó ti bàbá, ó ń sunkún ju ọmọ olóòkú lọ. Ni fóònù bàbá bá fọn kàkàkí. Àwòrán Qobiljon ló yọ, gbogbo eyín níta: “Ẹ kú oríire! Ọjọ́ tí ẹ ti ń retí dé!”

“Ẹ̀rọ ni, bàbá,” ni Qobiljon wí.

Ẹnikẹ́ni ò dá ẹ̀rọ lóhùn, ló bá rò pé wọ́n ń ná ọjà ni. Fóònù àwọn àbúrò bàbá náà fọn: “Nítorí ayọ̀ yín, a ti dínwó. Akọrin, ọ̀fẹ́.” Lèmọ́mù tó ń ka Kùránì pa ìwé dé.

Qobiljon já fóònù bàbá gbà kó lè pa á. Níbi tó ti ń kánjú, ó tẹ orí ìpolówó gan-an. Ẹ̀rọ gbà pé ọjà ti ń tà nínú àgbàlá yẹn. Gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ fọn kàkàkí lẹ́ẹ̀kan náà. Arúgbó kan tó ń tòògbé jí, ó ní, “Ìyàwó ọ̀hún dà?”

Qobiljon fọwọ́ sáyà. “Bàbá, kì í ṣe èmi. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀.”

“Gbogbo ẹ̀ pátá?”

“Pátápátá, bàbá. Èmi kì í tilẹ̀ dá sí i.”

Bàbá Ergash fa búrẹ́dì iwájú rẹ̀ mọ́ra, ó faṣọ bò ó ní odindi.

“Ó dáa. Kí ẹ̀rọ wá fẹ́ Dilfuza.”

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa, mo wá bi ẹni tó jókòó tì mí kí ni bàbá wí. Ó ní bàbá ní kí ẹ̀rọ wá fẹ́ Dilfuza.