Fóònù Grégoire Tó Ń Kí Ẹ̀rọ Ní Ìṣẹ́jú-Ìṣẹ́jú

Ẹjọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ààfin Baálẹ̀ lánàá. Gbogbo ènìyàn ló fi í ṣe ẹ̀rín, àfi ẹni tó gbé e wá.

Elvire lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ oníkajú gbé sílé rẹ̀ lórí òkè, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára dáadáa. Ẹ̀rọ náà ló ń gba ímeèlì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, láti Tré dé Soclogbo, kó tó dé orí fóònù wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ dákú. Oníbàárà kan kọ̀wé láti Kútọnu pé òun fẹ́ ra kajú, ìwé rẹ̀ kò ráyè wọlé, ó sì lọ rà á níbòmíràn. Ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Dorian nísàlẹ̀ ìlú, kí Elvire máa lọ sóko. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ̀bi.

"Ta lo pè lẹ́jọ́?" Baálẹ̀ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n Grégoire ni, Kábíyèsí. Fóònù wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ mí. Ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló ń kanlẹ̀kùn, 'Ṣé nǹkan wà fún mi?' Ẹ̀rọ á tú gbogbo àpótí lẹ́tà wò, á ní kò sí. Kò ní tíì mí tán tí fóònù á tún fi dé."

"Fóònù kan ṣoṣo ló dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dìde nípàdé ẹgbẹ́, wọ́n sì kọ́ gbogbo ènìyàn bí fóònù tiwọn náà yóò ṣe máa ṣe é."

Grégoire dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin yìí lè kí ènìyàn títí ọbẹ̀ á fi jóná lórí iná. Kò jiyàn rárá.

"Kábíyèsí, ẹ̀kọ́ ilé ni mo kọ́ fóònù mi. Nílẹ̀ Ìdáàṣà níbí, ta ló ń gba iwájú ilé àgbà kọjá tí kì í kí i? Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni yóò kí i. Ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà gbogbo wa, ṣé àgbà kọ́ ni?"

Ìjòyè méjì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Elvire rí i pé àwáwí náà ti ń wọ̀ wọ́n létí.

"Lẹ́tà mélòó ló ti dé fún ọ lọ́dún yìí?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kò tíì sí ìkankan, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n bó bá dé, kò ní bá wa ní aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Isidore, akọ̀wé ẹgbẹ́, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Elvire, ní ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ náà, oorun ló ń sùn ṣáá. Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun sùn, torí kì í sinmi tọ̀sán-tòru. Chantal, ìyàwó Grégoire, fi Màríà Mímọ́ búra pé ọkọ òun kì í fọwọ́ kan fóònù. Kó tó jókòó, ó bẹ ààfin kí wọ́n bá òun gba fóònù náà lọ́wọ́ ọkọ òun, torí kì í gbọ́ ohun tí òun ń sọ mọ́. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú bí Elvire. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Baálẹ̀ bi í pé kí ló wá fẹ́.

"Kí fóònù máa béèrè láàárọ̀ àti lálẹ́ nìkan, Bàbá. Bí nǹkan pàtàkì bá dé láàárín, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á pè wọ́n. Ìkíni tí kò jẹ́ kí onílé jẹun, ìyọlẹ́nu ni."

"Kí àgbà kọ́kọ́ kí ọmọdé?" ni Grégoire wí. "Èèwọ̀."

Baálẹ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Òótọ́ lo sọ, Grégoire, ìkíni dára. Ṣùgbọ́n a kì í fi fóònù kí àgbà nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì wà. Láti òní lọ, fóònù tó bá ń kí ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ilé Elvire ni yóò máa gbé. Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà fún òun, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè, kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ, kó béèrè. Ẹ̀rọ kò ní kúrò lọ́wọ́ Elvire. Ìdájọ́ yìí kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Grégoire wo òkè láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yáa bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù wọn, wọ́n ń yí i sí àárọ̀ àti alẹ́.

"Ṣé ó ku ẹlòmíràn?" Baálẹ̀ béèrè.

Elvire mọ ẹni náà. Bó bá dákẹ́, ẹ̀rọ yóò tún dákú, òun náà ni wọ́n á tún dá lẹ́bi. Ó kúnlẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan, Kábíyèsí. Tiwọn le ju ti ẹ̀gbọ́n Grégoire lọ."

"Dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ìjòyè kan sáré sọ pé òfin kì í mú Baálẹ̀. Baálẹ̀ wò ó, ó wo òkè, ó wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó ti ń ro ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá yọ fóònù lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó fi í lé Elvire lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi mú ọ̀pá mi wá," ó ní. "Mo fẹ́ lọ wò ó bóyá nǹkan ti dé."