Bí Mo Ṣe Fi Sọ́fúwià Ńlá Ba Ojú Alhaja Jẹ́

Ọjọ́ kan wà, tí n bá ti rántí ẹ̀, inú á tún bí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gíráfíìsì lọ́dọ̀ Ọ̀gá mi l'Áyétòrò. Ọ̀gá fi sọ́fúwià tí wọ́n fi ń ya lẹ́tà àti bánà hàn mí, wọ́n ní kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó, ó jọ nǹkan ọmọ jẹ́léósinmi. Irú èmi yìí kẹ̀?

Mo bá wá ọ̀rẹ́ mi lọ sí Ijoun, ó máa ń lọ ra ọjà lápá Kutọnu. Ó gbé sọ́fúwià ńlá tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe sórí fláàṣì fún mi. Faransé ni gbogbo ẹ̀. Mo ní kò séwu, mo gbọ́ Faransé. Irọ́ ni o. Èyí tí mo fi ń ná ọjà nìkan ni mo gbọ́.

Alhaja, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wá ń bọ̀ láti Mẹ́kà, a fẹ́ fi bánà kí wọn káàbọ̀. Ọ̀gá ní, "Ṣe é. Tó bá dáa, wàá máa ṣe iṣẹ́ kọ́sítọ́mà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi hàn ẹ́ ni kó o lò o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá." Tèmi ni mo lò, mo gbé fọ́tò Alhaja sí i. Ibi tí wọ́n ti ń yan bí bánà ṣe máa tóbi tó, n ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo bá ṣe é kékeré bí ojú fóònù. Mo ní àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ á fẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ni fọ́tò bá fọ́ sí igun mẹ́rin kéékèèké.

Alhaja sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n wo bánà lára ògiri. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Alhaja."

"Èmi? Tójú mi dà bí ilẹ̀ tí wọ́n lẹ táìlì sí?"

Inú bí mi. "Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ máa rí i." Wọ́n sún. "Ẹ tún sún." Wọ́n sún títí wọ́n fi bọ́ sí títì. Ọlọ́kadà tẹ họ́ọ̀nù, ó yà fún wọn, ó ń bú wa lọ. Alhaja dúró ní òdìkejì títì: "Ṣé kí n padà sí Mẹ́kà kí n tó rójú ara mi ni?"

Gbogbo ẹbí fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo bú u. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó o fi ṣe bánà?" Mo pa fóònù.

Ọ̀gá ní, "Kọ́sítọ́mà? Ó dọdún tó ń bọ̀." Mo ti wá mọ̀ báyìí pé iṣẹ́ ló ń yan sọ́fúwià, kì í ṣe fáàrí. Lẹ́tà A ni Ọ̀gá ní kí n máa fi sọ́fúwià ọmọ jẹ́léósinmi yẹn yà báyìí. Láti àárọ̀, lẹ́tà náà ń wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ìbínú ló fà á.