Àṣẹ Baálẹ̀ Láníhún Lórí Imú Ọmọdé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fun imú, kó fun ún tán, kó wá gbọ́!

Ohun tí ẹ ti ń fura sí, òun náà ni. Baálẹ̀ Láníhún tún ti ṣòfin.

Àtàndá, ọmọ-ọmọ Baálẹ̀, ọmọ oṣù márùn-ún, ló ń wúkọ́. Àyà rẹ̀ ń dún fìn-ìn, fìn-ìn. Kò mu ọyàn mọ́. Nọ́ọ̀sì Wúrà wá sí ààfin (ẹ má pè é ní agbo ilé mọ́ o!), ó ní bakitéríà ti ń gbé jẹ́jẹ́ nínú imú ọmọ tẹ́lẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àfi ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì dé, tó ba ara ọ̀fun jẹ́, tó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ni bakitéríà bá gbabẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Baálẹ̀ yarí. Wọ́n ní, ta ló fún àwọn méjèèjì láṣẹ láti pàdé lórí ilẹ̀ àwọn? Ọmọ kò ní lọ síbì kankan títí òfin yóò fi jáde. Òfin ọ̀hún rèé!

Èkíní: Bakitéríà tó wà nímú, kó jókòó sí imú. Bó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kó wá dọ̀bálẹ̀ gbàṣẹ.

Èkejì: Fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ̀lú, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà, bí gbogbo àlejò.

Ẹ̀kẹta: Wọn kò gbọdọ̀ pàdé nínú ọmọ kan ṣoṣo. Wọn kò gbọdọ̀ pàdé!

Ẹ̀kẹrin: Ẹnu Baálẹ̀ nìkan ni yóò máa fa ikun imú Àtàndá, bó ti ń fà á láràárọ̀. Ìyá ọmọ kò mọ̀ ọ́n fà.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹni tó gbé fáírọ́ọ̀sì wọ ààfin yóò fìlú sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bó ti wù kí fìlà rẹ̀ ga tó! Baálẹ̀ ló ní ká pè é lẹ́ẹ̀mejì. Bó ti wù kí fìlà rẹ̀ ga tó!

Ìyá ọmọ kò dúró gbọ́ èyíkéyìí. Ìdájí ló ti pọn ọmọ, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gún Àtàndá lábẹ́rẹ́. Ó ti ń mí dáadáa, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí mu ọyàn.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán agogo ló jẹ́ yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí lọ́rùn agogo.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì bi ìyá ọmọ pé ta ló kọ́kọ́ wúkọ́ nínú ilé. Ìyá ọmọ ní, “Baba ni, mà. Látìgbà tí wọ́n ti ti ìpàdé àwọn baálẹ̀ dé.”