Ìrì Orí Ewúro: Bí Láníhun Télọ̀ Ṣe Gba Jọ́ọ̀gì Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Là

Ẹ dìde ná. Ẹni tó bá dé fìlà, kó ṣí i. Ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀, kó yára gbé e mì, nítorí orúkọ tó fẹ́ jáde yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ẹnu dídí gbọ́. Láníhun ni! Láníhun ọmọ Àjàó, télọ̀ Ìdí-Apá, abẹ́rẹ́ kékeré tí kì í ṣe mímì fún adìẹ, ọ̀gbẹ́ni tó so téèpù mọ́ ọrùn bí ọba ṣe ń so ìlẹ̀kẹ̀, akọni tí kò mú idà rí, tí kò mú ìbọn rí, tó jẹ́ pé ìgbà kan ṣoṣo tó mú àdá, ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ṣá.

Ọmọ Àjàó ni, Àjàó tó gun orí òrùlé nígbà tí òṣùpá lé, tó fẹ́ mọ ìdí tí òṣùpá fi ń bá ènìyàn rìn bí ajá, tí yóò sì dúró bí ènìyàn bá dúró. Ó já bọ́ sórí ewúrẹ́ àna rẹ̀, ewúrẹ́ kú, òun dìde, ó gbọn eruku nídìí, ó ní, “Mo ti mọ ohun kan báyìí: òṣùpá kì í já bọ́.” Ọmọ-ọmọ Ọ̀jẹ́lékè ni, Ọ̀jẹ́lékè tó fi odindi ọjọ́ ọjà ṣọ́ adìẹ kan nídìí, nítorí pé adìẹ ń mu omi, a kì í sì í rí i kó tọ̀. Ilé mìíràn a máa jogún ilẹ̀, ilé mìíràn a jogún oyè, “kí ló dé?” nìkan ni ilé Àjàó jogún, wọ́n sì ń pín in dọ́gbadọ́gba, ẹnikẹ́ni kò fi du ẹnìkejì rẹ̀.

Láníhun gba ìpín tirẹ̀ ní kíkún. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí àlùbọ́sà fi ń mú ènìyàn sunkún nígbà tí kò sí òkú nílẹ̀. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ dá lóhùn. Ó béèrè ìdí tí mọ̀nàmọ́ná fi máa ń kọ́kọ́ dé, tí àrá á wá máa sáré bọ̀ lẹ́yìn bí ìránṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an. Nígbà tó dàgbà tán, tó ti ní ìyàwó, lọ́jọ́ ìsìn ìkórè tí ìjọ pé bámúbámú, ó nawọ́ sókè láàárín ìwàásù ìkún-omi Nóà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn ẹja, nínú omi tó pọ̀ tó yẹn, ṣé wọ́n ń mu nínú rẹ̀?” Wọ́n ní kó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Ìdí-Apá ti ń pè é ní Ṣé-Ẹja-Ń-Mu-Omi. Abẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Wúrà lòun ń pè é, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ti pọ̀ jù, á rọra gbé oúnjẹ sí i níwájú, nítorí ẹnu tó ń jẹun kì í béèrè.

Abẹ̀jẹ́ yìí kò ní ohun ìní kan tó jọ ọ́ lójú tó jọ́ọ̀gì gíláàsì kan báyìí. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ìyá náà kú, aṣọ rẹ̀ di ti àwọn àbúrò rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ di ti àwọn ìyàwó ilé. Jọ́ọ̀gì nìkan ló kan ọmọ rẹ̀. Jọ́ọ̀gì náà mọ́ gaara, ó ní òdòdó mẹ́ta lára, ó ní imú ṣóńṣó bíi ti òyìnbó. Inú àpótí ló máa ń sùn, inú aṣọ ìkọ́mọ Wúrà ni wọ́n ń wé e sí. Ọjọ́ tí ẹbí bá ń ṣe ìpàdé nìkan ni Abẹ̀jẹ́ ń gbé e jáde, kí ẹbí lè mọ̀ pé ìyá òun kò kú gbé.

Ọjọ́ ìpàdé ẹbí ni wàhálà dé. Ilé Bàbá Adéṣọkàn ni wọ́n pé sí, ẹ̀gbọ́n ìyá Abẹ̀jẹ́, olórí ẹbí, arúgbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn nítorí pé kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Oòrùn ọ̀sán mú débi pé alángbá ń gbé ẹsẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Oníyìnyín, obìnrin tó ni fíríìjì alákẹrosíìnì kan ṣoṣo tó wà ní Ìdí-Apá, ló gbé yìnyín wá. Wọ́n dà á sínú jọ́ọ̀gì pẹ̀lú omi, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Bàbá Adéṣọkàn ṣí fìlà rẹ̀, fìlà àrán tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Láníhun fúnra rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ́ọ̀gì. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Nígbà tí Bàbá nawọ́ mú fìlà, fìlà ti rin gbindingbindin bí ọmọ adìẹ tó bọ́ sómi.

“Jọ́ọ̀gì yìí ń jò!” ni Bàbá wí.

“Kò jò o, Bàbá,” ni Ìyá Oníyìnyín dáhùn, ìyẹn tí ẹnu rẹ̀ mú ju yìnyín rẹ̀ lọ. “Ó ń làágùn ni. Gbogbo ìgò tó bá ti ọ̀dọ̀ mi jáde ló máa ń làágùn.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló dá ogun sílẹ̀. Ká ní “ó rin” ló wí ni, gbogbo wọn ì bá ti lọ sílé wọn.

“Ó ń làágùn?” Bàbá gbé fìlà sókè, ó ń kán tótó. “Oko ta ló ro kó tó wá síbí? Ohun tí kò lẹ́mìí kì í làágùn. Bó bá làágùn, ó lẹ́mìí. Bó bá lẹ́mìí, ẹ̀mí ta ni?” Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá wo Abẹ̀jẹ́. “Ta ló ni ín kó tó di tìrẹ?”

Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ni ín.

“Àbúrò mi kò sinmi,” ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Inú ohun yìí ló wà tó ń jìyà. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ gbé e lọ sí àkìtàn, kí ẹ fọ́ ọ, kó lè rí ọ̀nà lọ.”

Abẹ̀jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá jọ́ọ̀gì mọ́ra, omi tútù náà ń rin ín láyà, kò sì sunkún síta. Láníhun wò ó. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fọ́ jọ́ọ̀gì nìkan. Bí wọ́n bá fọ́ ọ báyìí, títí ayé ni ìyàwó rẹ̀ yóò máa rò pé ìyá òun ń làágùn níbìkan.

Ẹ̀yin jagunjagun ayé àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ fo odi ìlú, ẹ̀yin tí ẹ fi orí ọ̀tá mu ẹmu, èwo nínú yín ló dìde rí láti já àna rẹ̀ níyàn? Ogun ni ẹ jà, ẹ ò já àna níyàn! Láníhun dìde. Téèpù ọrùn rẹ̀ ń mì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kó tó la ẹnu, nítorí ẹni tó bá fẹ́ tako àgbà, ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kò purọ́. Ẹ kò lè purọ́. Ojú ló ń tan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ jọ́ọ̀gì yìí kí wọ́n tó fọ́ ọ.”

“Ẹja ti dé,” ni Ìyá Oníyìnyín wí lábẹ́lẹ̀, ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

“Béèrè,” ni Bàbá wí. “Kí oòrùn tó wọ̀.”

Láníhun da omi yìnyín nù, ó rọ omi kànga lásán sínú jọ́ọ̀gì, ó nu ara jọ́ọ̀gì, wọ́n dúró. Ara jọ́ọ̀gì gbẹ táútáú. “Ẹ wò ó, Bàbá, kò jò!”

“Ó rí èrò ni,” ni Bàbá dáhùn. “Ojú ń tì í.”

Láníhun fi yìnyín kún un. Kò pẹ́, ara jọ́ọ̀gì tún rin. Bàbá na ìka sí i bí adájọ́. “Ẹ ò rí i? Òtútù ni kò fẹ́. Bí ibà ṣe ń ṣe ènìyàn gan-an nìyẹn: òtútù á mú un, á sì máa làágùn. Ẹ gbé e lọ.”

Báyìí ni a ṣe lé akọni wa padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu odi. Ó yíjú sí fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀. Lójú fèrèsé níbẹ̀, igi ewúro Bàbá Adéṣọkàn dúró, ó ṣú dẹ̀dẹ̀. Láníhun tẹjú mọ́ ọn, ìrántí kan sì yọ sí i láti ìgbà èwe, ìgbà tó máa ń fi ahọ́n wádìí gbogbo nǹkan tó wà láyé, títí kan ìdí ìkòkò àti irin wíńdò ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lá ìrì lórí ewúrẹ́, ó ti lá a lórí koríko, ó sì ti lá a lórí ewúro ní òwúrọ̀ kùtù. Ìrì tó wà lórí ewúro kò korò!

“Abẹ̀jẹ́!” ó pariwo. “Já ewúro!”

“Bàbá Wúrà, ṣé ebi ń pa ọ́ ni?”

“Da omi inú jọ́ọ̀gì nù, já ewúro, fún un sínú rẹ̀. Má fi omi là á.”

Abẹ̀jẹ́ já ewúro bí ẹni tó ń já irun ọ̀tá. Ó fún un, ó tún un fún, omi aláwọ̀ ewé ń hó, ó korò débi pé òórùn rẹ̀ nìkan mú Ìyá Oníyìnyín yínmú. Wọ́n da yìnyín sí i. Láníhun bọ́ dàńṣíkí ara rẹ̀, ó fi nu ara jọ́ọ̀gì láti ọrùn dé ìdí, ó gbé e kalẹ̀, ó kó ọwọ́ lẹ́yìn, ìhòòhò àyà rẹ̀ yọ bí asà.

Ìsàgatì wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn ìlú tí ogun dó tì títí tí àwọn ará ibẹ̀ fi jẹ bàtà wọn, eré ọmọdé ni ti ìyẹn. Gbogbo ẹbí na ọrùn. Eṣinṣin kan bà lé Bàbá nímú, kò lé e. Ara jọ́ọ̀gì kọ́kọ́ ṣú bí ojú ọ̀run tó ń ro òjò. Ó hu irorẹ́ omi kéékèèké. Irorẹ́ pàdé irorẹ́, wọ́n di ẹ̀kán. Ẹ̀kán kan yọ̀ lórí òdòdó àkọ́kọ́, ó sì já wálẹ̀. Ó mọ́ gaara. Kò sí àwọ̀ ewé kankan nínú rẹ̀.

Láníhun yọ ahọ́n, ahọ́n ilé Àjàó, ahọ́n tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ gbá a ní ìpàkọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lá jọ́ọ̀gì. “Kò korò!”

“Ẹnu ọkọ kì í ṣe ẹ̀rí,” ni Bàbá wí.

“Nígbà náà, Bàbá, ẹ bá wa lá a.”

Ha! Ta ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún rí? Olórí ẹbí, kó yọ ahọ́n láàárín ọmọ-ọmọ, kó lá jọ́ọ̀gì bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀! Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sí i, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó bẹ̀rù àbúrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó lá a. Ó dúró. Ó tún un lá.

“Bàbá, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa,” ni Ìyá Oníyìnyín wí.

“Kò korò,” ni Bàbá wí. Ojú rẹ̀ sì ṣú. “Ẹ ti tàn mí jẹ. Ewúro kọ́ ló wà nínú rẹ̀.” Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó gbé jọ́ọ̀gì sẹ́nu, ó mu ún gbùù.

Ẹnu kò lè ròyìn ojú rẹ̀. Ojú kan lọ sí ìlà-oòrùn, èkejì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, etí rẹ̀ méjèèjì sì sún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ sá jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Abẹ̀jẹ́ gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bọ́.

Nígbà tí ọ̀fun Bàbá là, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wo ẹ̀kán omi tó ṣẹ́kù sí ìka rẹ̀ pẹ́, ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó béèrè.

“Láníhun. Bí kò bá ti inú wá, níbo ló ti wá?”

“Bàbá, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn láàárọ̀, omi inú rẹ̀ dà?”

“Oòrùn mu ún.”

“Níbo ni oòrùn ń kó o sí?”

Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀.

“Inú atẹ́gùn ni, Bàbá. Atẹ́gùn yìí tí à ń mí, omi ló rù kiri tí a kò rí. Bó bá pàdé ohun tó tutù, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe sórí ewé láàárọ̀ nìyẹn, tí a fi ń ní ìrì sẹ̀. Jọ́ọ̀gì kò làágùn. Ìrì ló sẹ̀ sí i lára. Ìyá wa kò sí nínú rẹ̀.” Ó wo ìyàwó rẹ̀. “Ìyá ti sinmi.”

Ìgbà yìí ni Abẹ̀jẹ́ tó wá sunkún.

Bàbá gbé fìlà tútù rẹ̀ dé. “Kí ẹnikẹ́ni má fọ́ jọ́ọ̀gì àbúrò mi,” ni àṣẹ rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ti ń fẹ́ fọ́ ọ. “Fìlà ni kò mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí.”

Akọni wọ dàńṣíkí tútù, ó yan jáde bí ẹni tó kó ẹrú bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e, jọ́ọ̀gì wà láyà rẹ̀. Wọ́n ti dé ìdí igi apá kí ohùn arúgbó tó lé wọn bá láti ojú fèrèsé:

“Láníhun! Ẹja yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń mu ún?”

“Mi ò tíì mọ̀, Bàbá!”

“Yára mọ̀ ọ́n o! Mi ò kéré mọ́!”

Igi apá yẹn ti wó. Télọ̀ ti lọ, olórí ẹbí ti lọ, Ìyá Oníyìnyín sì ti lọ síbi tí a kò ti ń ta yìnyín. Ṣùgbọ́n níbikíbi lágbàáyé, bó ti wù kó jìnnà sí Ìdí-Apá tó, bí ife omi tútù bá jókòó sórí tábìlì tí ara rẹ̀ ń rin, kí gbogbo ọba, kí gbogbo ìjòyè, kí gbogbo àna tó le koko gbọ́ ìkéde yìí, kí wọ́n sì gbé fìlà wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọmọ Àjàó ti fi ahọ́n ṣẹ́gun, òkú ti sinmi, ìrì orí ewúro kò sì korò láéláé!