Òkè Mẹ́ta Lórí Bébà

Ọjọ́ Ẹtì kan wà ní Houston tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà, ilé kankan ò sì jó. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé mo na gbalaja sílẹ̀ níwájú òyìnbó méjì, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́rùn mi, tí àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ wò mí, kálàmù kan ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, nítorí èmi fúnra mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì gbọ́ bí n kò bá rí ẹ̀rí.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí owó epo wálẹ̀ tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ìlú náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ẹ́ńjíníà. Ìwé tí wọ́n fún mi láti fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kò ju ọdún kan lọ, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tán. Ọ̀gá wa, òyìnbó Texas kan tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀, sọ fún mi pé bí àpótí tí mo ṣe bá yege nínú ìdánwò ọjọ́ Ẹtì yẹn, òun á kọ lẹ́tà tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá yege. Èmi náà ò béèrè.

Ohun tí àpótí náà ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Gáàsì tó wà nínú páìpù máa ń fi ipá ti ara irin. Láti mọ bí ipá náà ṣe pọ̀ tó, a máa ń de ohun kékeré kan mọ́ páìpù, tí a lè pè ní etí. Inú etí yìí ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà bí awọ, a sì lẹ wáyà tín-ín-rín mẹ́rin mọ́ ọn. Bí ipá bá ti awọ náà, wáyà méjì á nà, méjì á sì sún kì. Èyí tó nà á máa dí iná lọ́nà, èyí tó sún kì á máa jẹ́ kó kọjá. A ń fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iná fóòtì mẹ́wàá tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá, ìyàtọ̀ tó bá sì hàn láàárín apá ọ̀tún àti apá òsì ni ìròyìn tí etí mú wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìròyìn náà kéré gan-an. Bí a bá pín fóòtì kan ṣoṣo sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

Àpótí tèmi ló ń gbé ohùn kékeré yẹn sókè. Ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú rẹ̀ dà bí àgbàlagbà tó ń parí ìjà orogún méjì: ohun tí àwọn méjèèjì bá jọ sọ, kò kà á sí, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀ ló ń tẹ́tí sí. Nítorí náà, bí ariwo iná ilé bá wọ wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dà á nù. Asẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yọ ìwárìrì tó bá ṣẹ́kù. Síkírù kékeré méjì wà níwájú: ọ̀kan la fi ń sọ fún àpótí pé ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò sí ipá, èkejì la fi ń sọ ibi tí yóò ga dé nígbà tí ipá bá kún. Ó wá ń fi ìròyìn náà ránṣẹ́ bí ìṣàn iná, láti orí mẹ́rin dé ogún. Mo fẹ́ràn mẹ́rin yẹn. Bí kò tilẹ̀ sí ipá kankan, àpótí á ṣì máa sọ mẹ́rin, bí ẹni tó ń dáhùn pé òun wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá rí òfo, ẹ mọ̀ pé wáyà ti já.

Ìdánwò náà nìyí: mo fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà gígùn kan, mo ti ẹnu rẹ̀ pa, mo sì so etí mọ́ ọn. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé aago mẹ́ta ọ̀sán, àpótí á máa ka ipá inú rọ́bà, ẹ̀rọ mìíràn á sì máa fi kálàmù pupa fa ohun tó kà sórí bébà tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà kò ní yí padà, nítorí náà ìlà gbọ́dọ̀ tọ́ bí okùn. Ní aago mẹ́ta, ọkùnrin tó fẹ́ ra irú àpótí yìí yóò ti ìlú Rosenberg dé láti wo ìlà náà.

Rọ́bà yìí gba orí ilẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé ìdí tábìlì mi. Mo rò ó pé ẹsẹ̀ lè kọ́ ọ. Mo bá wá ègé kápẹ́ẹ̀tì kan, mo fi bò ó, mo sì gbé àga àlejò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè gba ẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé, ‘Ewu ìkọsẹ̀: a ti yanjú rẹ̀.’ Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn.

Ní bí aago mẹ́wàá, Bọ̀dá Fẹ́mi wọlé. Òun ni ẹ́ńjíníà àgbà wa, òun náà ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Ó mú bàbá rẹ̀ dání, tí wọ́n ti Ìkìrun wá kí i, tí wọ́n sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé rẹ̀ ní Mission Bend. Bàbá fẹ́ wo ibi tí ọmọ wọn ti ń jẹun. Kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa kún fún òróró àti ègé wáyà, àfi ibi kan ṣoṣo tó mọ́. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn sà.”

Bàbá dúró, wọ́n ń wò mí nílẹ̀. “Fẹ́mi, ọmọ ta nìyí? Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọwọ́ ni àwọn ọmọ rẹ ń jù sí mi bí ẹni ń lé eṣinṣin. Wọ́n á ní, ‘Hi, Grandpa.’ Ṣé ó ṣì ku ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ ní ilẹ̀ yìí?”

Ẹni tí wọ́n ń yìn nílẹ̀ kì í yára dìde. Nígbà tí mo dìde tí mo padà sídìí tábìlì, òkè kékeré kan ti yọ lórí ìlà pupa mi. Ìlà náà gùn ún, ó sì sọ̀ kalẹ̀ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo kọ́kọ́ fura sí iná fóòtì mẹ́wàá, nítorí bí oúnjẹ wáyà mẹ́rin yẹn bá yẹ̀, ìròyìn wọn á yẹ̀ pẹ̀lú. Mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́wàá géérégé ni. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìgbà kan kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá jókòó sórí àga àlejò, wọ́n ń wo kálàmù mi jẹ́ẹ́.

Nígbà tó ṣe, Bọ̀dá Fẹ́mi sọ fún wọn pé lẹ́tà iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ ìdánwò yìí. Bàbá ní, “Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ? Wá kúnlẹ̀, ọmọ mi.”

Àgbà ìjọ Aládùúrà ni Bàbá, àdúrà wọn kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń kánjú. Wọ́n gbàdúrà fún iṣẹ́ mi, fún àwọn òbí mi, fún ìyàwó tí n kò tíì ní, fún àwọn ọmọ tí ìyàwó náà yóò bí, àti fún gbogbo mọ́tò tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lórí freeway. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga wọn, mo di ojú mi, mo sì ń mi gbogbo ara sí ‘Àmín’ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo là á, òkè kejì ti dúró lórí bébà. Ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fẹ̀, orí rẹ̀ sì ní eyín kéékèèké bí ayùn. Mo ka eyín náà: méjìdínlógún.

Eyín yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Mo ní ariwo iná nìyí, ó ti gba ibì kan wọ inú asẹ́ mi. Mo yọ fíríìjì kúrò nínú iná, mo yọ rédíò ọ̀gá, mo yọ ìkòkò kọfí, mo sì bẹ akọ̀wé wa pé kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó má mí mọ́.

Bọ̀dá Fẹ́mi ní, “Ṣé ó dá ẹ lójú pé noise ni?”

Mo ní, “Kò dá mi lójú, sà. Ṣùgbọ́n òun ló bá ohun tí mo rí mu jù.”

Fún wákàtí kan gbáko lẹ́yìn náà, ìlà tọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé fíríìjì ló jẹ̀bi. Mo ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni Bàbá fa ọ̀rá kúlíkúlí kan yọ lápò, wọ́n ní ó kù díẹ̀ nínú èyí tí àwọn gbé ti ilé wá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti fojú kan kúlíkúlí kẹ́yìn. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kúrò ní ohun tí èèyàn ń gbà ní ìdúró. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, mo sì padà wá bá òkè kẹta.

Ó ku ohun kan ṣoṣo nínú ìwé mi tí n kò tíì fẹ̀sùn kàn: ooru àti òtútù. Bí wáyà tín-ín-rín bá gbóná tàbí tó bá tutù, ó lè purọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù wa sì ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Mo bá pa á. Ẹni tó bá mọ Houston nínú oṣù kẹjọ mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, akọ̀wé ti lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi wé àpótí kí atẹ́gùn kankan má bàa kàn án, mo sì dúró tì í pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, bí ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ tí ibà ń ṣe.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọ̀gá àti oníbàárà ará Rosenberg wọlé. Aago méjì àti ààbọ̀ péré ni. Ọkùnrin náà sanra, ó wọ bàtà awọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, òógùn sì ti bò ó kó tó dé ìdí tábìlì. Ó fa bébà náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó dúró lórí òkè kìíní, ó dúró lórí èkejì, ó dúró lórí ẹ̀kẹta.

Ó ní, “Kí lèyí?”

Mo ṣí ìwé mi. Mo ka ọ̀ràn iná, mo ka ọ̀ràn ariwo, mo ka ọ̀ràn ooru, pẹ̀lú ẹ̀rí tó gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rí tó takò ó. Bí mo ṣe ń kà á ni ọrùn ọ̀gá ń pọ́n sí i. Mo rí lẹ́tà mi tó ń fò lọ.

Bàbá fọwọ́ kan ọmọ wọn. “Kí ni wọ́n ń wá?”

“Bàbá, òkè mẹ́ta tó wà lórí bébà yẹn ni. A ò mọ ohun tó fà á.”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n?” Bàbá wo gbogbo wa yíká. Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ọmọ mi, dọ̀bálẹ̀.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn àlejò…”

“Mo ní dọ̀bálẹ̀.”

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ tí kálàmù ń ha bébà fẹ̀rẹ̀. Bàbá ní, “Dìde.” Mo dìde. Kálàmù sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ní, “Tún dọ̀bálẹ̀.” Ó tún gùn ún. Ibẹ̀ ni mo ti rántí, pẹ̀lú àyà nílẹ̀, ohun tí mo fi kápẹ́ẹ̀tì bò láàárọ̀. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ti ń fi ara mi fún rọ́bà pọ̀, tí ipá inú rẹ̀ sì ń gùn. Àpótí ò purọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eyín méjìdínlógún yẹn, ‘Àmín’ ni. Kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu pé n kò rí i: ẹni tó dojú bolẹ̀ kì í rí kálàmù.

Bọ̀dá Fẹ́mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Oníbàárà bọ́ fìlà, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì na ara rẹ̀ síbẹ̀ tòun ti bàtà ṣóńṣó. Kálàmù gùn títí ó fi kúrò lórí bébà. Ó rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀ títí kálàmù fi ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ó wo ibi tí ìlà padà sí. Ibi tó wà láàárọ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ó sọ fún ọ̀gá pé, “Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ọmọ yìí ń kí àgbà, tó sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn náà láìkù síbì kan, ó tó mi. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù.”

Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn ò ti sọ láti àárọ̀. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ, àwọn mọ ohun tó ń ṣe rọ́bà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. “Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ni. Mo ní bóyá ẹ̀rọ tó ń ka ìgbà tí ọmọdé bá kí àgbà ni ẹ ń ṣe. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe gbé ọ̀kan lọ sí Mission Bend.”

Ọ̀gá kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ Ajé. Ó yìn mí nínú rẹ̀ pé mo máa ń yẹ gbogbo nǹkan wò fínnífínní. Kò fi kún un pé mo yọ ara mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ bébà olókè mẹ́ta mọ́ ògiri níwájú tábìlì mi, ó sì rí sí i pé ẹran tó jẹrà nínú fíríìjì, èmi ni mo dà á nù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: kí n tó fẹ̀sùn kan wáyà, kí n kọ́kọ́ béèrè ohun tí èmi fúnra mi ń ṣe ní àkókò náà. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń tẹ orí ba, mo sì máa ń wo ilẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà Houston ti ń sọ ọ́ kiri pé n kò gbéraga rárá. N kò tíì ní ìgboyà láti sọ fún wọn pé rọ́bà ni mò ń wá.