Okùn Kànga Ìyá Gbénró

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí Ìyá Gbénró, kí ó dìde, kí ó wá sọ ìtàn tirẹ̀. Kò sí? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n máa bá tèmi lọ.

Ìyá Gbénró ń dá gbé ní Arárọ̀mí, nínú ilé kan tí òjò máa ń wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Gbénró, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bí ọmọ mẹ́ta sí ìlú ńlá. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn, Ìyá Mọ́sùn, ni àwọn ọmọ náà ń kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn. Lọ́dún tó kọjá, wọn ò tilẹ̀ dé Arárọ̀mí rárá. Àárò wọn sọ ìyá náà débi pé ó máa ń bá àwo tí wọ́n fi ń jẹun sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ìyá Mọ́sùn ni.

"Àna mi, mò ń kó àwọn ọmọ bọ̀ lónìí. Èmi fúnra mi ni mo máa mú wọn wá, ká jọ ṣe fàájì díẹ̀."

"Lónìí kẹ̀? Ṣebí ẹ ní ó di ìparí oṣù?"

"Àbí inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi dùn o! Ó dùn dọ́ba!"

Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ ara fu ú. Kí ló dé tí Ìyá Mọ́sùn fi ń bọ̀ fúnra rẹ̀? Kí ló ń lé e? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ń bọ̀ wá wo ilé ni. Bó bá fi lè rí òrùlé tó ń jò àti ìkòkò tó gbẹ, yóò ní ibí yìí kò yẹ ọmọ ènìyàn, yóò kó àwọn ọmọ náà padà, ó sì di gbére nìyẹn. Ìyá Gbénró so ìró rẹ̀ le. Ó ní àpèjẹ ni òun máa fi pàdé wọn, àpèjẹ tí àna òun yóò ròyìn délé.

Owó tó wà létí aṣọ rẹ̀ kò ju ti ata àti iyọ̀ lọ. Ẹ̀wà díẹ̀ wà nílé, gààrí wà, àgbébọ̀ adìẹ kan sì ń jẹ̀ kiri lẹ́yìnkùlé. Inú ilé kò ṣeé gba àlejò, ìta ni wọ́n máa jókòó, ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ náà kò gba gbẹ̀rẹ̀. Ó pe ẹni tó ń fi kánópì ṣe háyà. Ọkùnrin náà dárúkọ owó, ìyá sì pa fóònù láìdágbére.

Ló bá kó ìró rẹ̀ tó dára jù jáde. Ó wá okùn títí, kò rí, àfi okùn kànga. Ó tú u, ó so orí kan mọ́ igi máńgòrò, ó so èkejì mọ́ òpó ìloro, ó ta àwọn ìró náà lé e, ó na etí wọn dé orí ògiri ọgbà, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ó rẹwà gan-an. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó yin ara rẹ̀.

Omi tó kù nílé, ẹ̀wà ló gbà á tán. Ìgbà tó wá mú adìẹ, tó ní kí òun lọ fa omi tí òun yóò fi bó o, ló rántí ibi tí okùn wà.

Kó tó mọ èyí tí yóò ṣe, ó gbọ́ fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Bí fèrè ti ń dún ni òpó ìloro, tí ikán ti ń jẹ lábẹ́lẹ̀ tipẹ́, dún kẹ́ẹ́, ó sì ṣẹ́. Ìyá Gbénró ju agbọ̀n bo adìẹ mọ́lẹ̀, ó gbá okùn mú kó tó balẹ̀, ó yí i mọ́ ìbàdí, ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí àpótí, ó fi ìborùn bo gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn ọmọ sáré wọlé, wọ́n dì mọ́ ọn. Ọwọ́ kan ló fi gbá wọn mọ́ra. Ìyá Mọ́sùn tẹ̀ lé wọn, gèlè rẹ̀ ga. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ará ilé ọkọ ní í kúnlẹ̀ kí ará ilé ìyàwó. Ìyá Gbénró ò kúnlẹ̀. Kò tilẹ̀ dìde.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna mi. Ẹ jókòó."

Ìyá Mọ́sùn wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀."

Ìyá Mọ́sùn jókòó sábẹ́ ìró, ó ń fi ojú yí ilé ká. Wò ó, ó ti ń wo òrùlé, ni Ìyá Gbénró sọ nínú ara rẹ̀.

"Ẹ fún wa lómi mu, àna mi."

"Omi ń bọ̀."

Omi ò bọ̀.

"Àbí kànga yín ti gbẹ ni?"

"Ó kún dẹ́nu."

"Kí ló wá dé tí a ò rí mu?"

"Ó ń tutù lọ́wọ́ níbẹ̀ ni."

Ojú Ìyá Mọ́sùn ti lọ sórí agbọ̀n. "Kí ló wà lábẹ́ ìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

Agbọ̀n sún.

"Kò sí nǹkan kan náà ló ń rìn yẹn?" Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti dìde, ó ti ṣí i.

Adìẹ fò fẹ̀ẹ̀, ó bà lé okùn! Ẹ̀rù ba Ìyá Mọ́sùn, ó jókòó padà wìì, àfi bí ìdí adìẹ ṣe dojú kọ gèlè rẹ̀ lókè. Kò lè dìde, kò lè mira. Adìẹ na ìyẹ́ méjèèjì, ó ń mì síwájú, ó ń mì sẹ́yìn. Okùn fa ìbàdí Ìyá Gbénró síwájú, ìyá fà á padà, adìẹ sì ké.

Àdùfẹ́, àgbà nínú àwọn ọmọ, ló kọ́kọ́ kíyè sí i. "Màmá, kí ló dé tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti mì ni adìẹ náà ń mì?"

Ẹ̀rín gbọn Ìyá Gbénró, ìdí rẹ̀ yẹ̀ lórí àpótí, ó ṣubú síwájú. Okùn dẹ̀, adìẹ fò lọ sórí máńgòrò, gbogbo ìró sì ya bo gbogbo ènìyàn.

Nínú òkùnkùn abẹ́ aṣọ, àwọn ìyá méjèèjì fojú kan ara wọn.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi, àna mi," ni Ìyá Gbénró wí, "ṣé òṣì mi lẹ wá wò?"

"Òṣì ta ni? Gààrí ti tán nílé mi láti ìjẹta! Mo ní kí n tètè kó wọn wá bá yín, kí ebi má pa wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ìgbà tí ẹ ò dìde, tí ẹ ò fún wa lómi, mo ní ẹ ti gbọ́ pé ebi ló gbé wa wá, pé ńṣe lẹ fẹ́ lé wa. Láti ìgbà tí mo ti jókòó, ara ò rọ̀ mí."

"Ó rọ èmi náà ni? Èmi tí okùn ń ge ní ìbàdí!"

Ìyá Mọ́sùn bú sẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé. "Áà! Adìẹ bà lókùn!"

"Ara ò rọ okùn," ni Ìyá Gbénró dá a lóhùn.

"Ara ò sì rọ adìẹ!" ni àwọn ọmọ parí rẹ̀.

Wọ́n tú okùn, wọ́n fa omi, wọ́n mu ún yó. Wọ́n da gààrí sẹ́wà, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá. Adìẹ ò sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sẹ́ni tó pè é. Àwọn ọmọ lo gbogbo ìsinmi wọn ní Arárọ̀mí. Ìyá Mọ́sùn tó ní òun kàn sìn wọ́n wá, òun náà ò lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àlejò tó ń wo onílé tìfura-tìfura, tí onílé náà ń wo àlejò bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ìborùn onílé, kí ẹ sì bi àlejò bóyá gààrí wà nílé tirẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.