Ẹ̀kọ Àgbọn Tí Mo Gbé Lọ Sílé Àna

“Ìyá, bí ẹ bá ń bọ̀ nínú ààwẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ gbé dání o!”

Àwáwù, ọmọ mi, ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi lánàá. Ọjọ́ tó mú un sọ bẹ́ẹ̀ kò lè parẹ́ lọ́kàn mi láéláé.

Ojú irin òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlọrin nígbà náà. Bàbá Àwáwù ń ṣiṣẹ́ ojú irin, ló bá kó àgbọn bọ̀ láti Èkó, pẹ̀lú ohun tí alásè ọkọ̀ òkun kan, ará Filipínì, kọ́ ọ: kí á rin àgbọn, kí á fún omi rẹ̀, kí á fi ògì àti ṣúgà sè é, kí á jẹ́ kó dì.

Àwáwù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Òkè-Ọ̀yì ni. Ilé àáfà ni, ọkàn mi kò sì balẹ̀, torí ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi ń mọ ọmọ. Mo ní n óò gbé ìṣínu tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí lọ, kí wọ́n lè mọyì ọmọ mi.

Mo ń gbààwẹ̀, n kò lè tọ́ ọ wò, èmi tí mo máa ń wọn iyọ̀ bí ẹni ń wọn wúrà! Kò tètè dì, mo bu ògì sí i. Ó dì jù, mo bu ṣúgà sí i, bí ẹni pé ṣúgà ló ń tú nǹkan. Kò sí àwo tó tó, mo bá pọ́n ọn séwé. Ẹ̀kọ pọ́ńbélé ló jọ, ojú mi nìkan ni kò rí i.

Nílé àna, wọ́n gba igbá lórí mi, mo lọ ṣàlùwàlá. Kí n tó dé, wọ́n ti gbé e síwájú àáfà, bàbá ọkọ Àwáwù, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, irú ń ta sánsán. Àwáwù wò mí, mo wò ó. Ìyàwó tuntun kì í dá bàbá ọkọ lẹ́kun oúnjẹ. Ojú sì ń ti èmi náà láti sọ pé kì í ṣe ẹ̀kọ.

“Bisimilá.” Àáfà ki òkèlè bọ ilá, ó gbé e mì.

“Ta ló fi ṣúgà sínú ẹ̀kọ?”

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ìyá ọkọ Àwáwù ló fọhùn: “Ẹ̀yin náà, àáfà! Ṣebí nǹkan dídùn lẹ ní ká máa fi ṣínu? A kò rí èso dàbínù rà, àna wa bá wa fi dídùn rẹ̀ sínú ẹ̀kọ.”

Àáfà rẹ́rìn-ín títí ilá fi kán sí i nírùngbọ̀n. “Ẹ gbé ọbẹ̀ kúrò, ẹ fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Àwáwù, ṣé o mọ̀ ọ́n sè?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá.”

Irọ́ gbuu, nínú oṣù mímọ́! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Kò sí ààwẹ̀ tí n kì í dárúkọ ìyá ọkọ Àwáwù yẹn nínú àdúà. Ẹnu rẹ̀ ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ ẹ̀sín. Tí mo bá rántí irùngbọ̀n yẹn, ẹ̀rín a pa mí, ojú a sì tún tì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá gbé oúnjẹ àjèjì lọ sílé àna, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí wọn yóò ṣe jẹ ẹ́ kí ẹ tó lọ ṣàlùwàlá.